Kòkòrò tí ń fi májèlé mí: bí Dehalococcoides ṣe ń tú kẹ́míkà ká lábẹ́ ilẹ̀

Bí ẹ bá gbọ́ níbi kan pé bakitéríà kan wà tó ń jẹ májèlé, ẹ ní sùúrù díẹ̀ kí ẹ tó gbà á bẹ́ẹ̀. Dehalococcoides mccartyi tí à ń sọ yìí kì í jẹ ẹ́. Ńṣe ló ń fi í mí, bí àwa náà ṣe ń fi ọ́síjìn mí. Ìyàtọ̀ yìí lè dà bí àríyànjiyàn lásán létí ẹni tí kò sí nídìí iṣẹ́ náà, àmọ́ òun ló ń pinnu ohun tí wọ́n ń dà sínú ilẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ wẹ omi mọ́, ohun tí wọn kì í jẹ́ kó débẹ̀, àti ìdí tí iṣẹ́ fi máa ń há sí agbedeméjì, tí omi á wá léwu ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ májèlé ọ̀hún. Ní Amẹ́ríkà, láti àwọn ọdún 1930, kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní perc, tí àwọn onímọ̀ ń kọ ní PCE, làwọn alágbàfọ̀ fi ń fọ kóòtù àti aṣọ olówó ńlá tí wọn ò fẹ́ kí omi kàn. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n kọ "dry cleaner" sára ògiri lọ́dọ̀ tiwa, omi, ọṣẹ àti áyọ́ọ̀nù ni wọ́n ń lò. Perc ni "dry cleaning" gidi. Àbúrò rẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní TCE, èyí tí àwọn iléeṣẹ́ ẹ̀rọ àti ibùdó ọkọ̀ òfuurufú àwọn ológun fi ń bọ́ gírísì kúrò lára irin. Láyé ìgbà yẹn, tí wọ́n bá ti lò ó tán, ẹ̀yìnkùlé tàbí gọ́tà ni wọ́n ń dà á sí. Èyí tí wọn ò dànù, páìpù àti táǹkì tó ń jò gbé e wọlẹ̀.

Perc wúwo. Lítà omi kan jẹ́ kílógíráàmù kan, lítà perc kan lé ní kílógíráàmù 1.6. Nítorí náà kì í léfòó lórí omi bíi bẹntiróòlù. Rírì ló ń rì: á gba inú iyanrìn, á kọjá ojú omi abẹ́ ilẹ̀, á máa lọ títí yóò fi kan amọ̀ tàbí àpáta, á wá dágún síbẹ̀. Kì í sì í tètè yọ́. Gbogbo ohun tí lítà omi kan lè gbà nínú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílígíráàmù 200 lọ, ìdí nìyẹn tí adágún kékeré kan fi lè máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún. Ìwọ̀n tí òfin Amẹ́ríkà gbà nínú omi mímu ni máíkírógíráàmù 5 nínú lítà kan. Ẹ fi kílógíráàmù 1.6 pín sí máíkírógíráàmù márùn-ún márùn-ún, ẹ ó rí i pé lítà perc kan ṣoṣo tó láti sọ ohun tó lé ní 300 mílíọ̀nù lítà omi di èyí tí òfin kò gbà kéèyàn mu.

Mímí rẹ̀

Èèyàn ń jẹun, èèyàn sì ń mí. Inú oúnjẹ ni agbára ti ń wá, àmọ́ bí ara bá ti yọ agbára náà, àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú oúnjẹ gbọ́dọ̀ rẹ́ni gbà wọ́n lọ́wọ́ wa. Ọ́síjìn ló ń gbà wọ́n. Bí kò bá sí ọ́síjìn, oúnjẹ ì báà kún inú dé ọ̀nà ọ̀fun, ẹni náà ò ní pẹ́ kú.

Gáàsì háídírójìn ni oúnjẹ Dehalococcoides. Kò mọ oúnjẹ mìíràn. Ásítéètì, ìyẹn irú ohun tó ń mú kí fínígà kan, ló fi ń kọ́ ara rẹ̀. Perc ló wà ní ipò ọ́síjìn: òun ló ń gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Mólékù perc jẹ́ kábọ́ọ̀nù méjì tó so mọ́ra, tí kílórínì mẹ́rin yí wọn ká. Bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù bá ti wọlé, kílórínì kan á já bọ́, háídírójìn á sì gba ipò rẹ̀. Kílórínì tó já bọ́ yẹn kò ní òórùn, kò sì ní oró. Ó ti di kílóráídì, ìdajì iyọ̀ tí à ń fi sọ́bẹ̀. Ọwọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ náà ni àwọn ẹ́ńsáìmù kan tó wà lára awọ kòkòrò yìí, fítámì B12 ló sì wà láàárín wọn bí ẹyin ojú. Ẹ rántí B12 yẹn, torí ó ń bọ̀ wá dá wàhálà sílẹ̀.

Bí kílórínì ṣe ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan ni orúkọ ń yí padà. Mẹ́rin ni perc. Mẹ́ta ni TCE. Méjì ni DCE. Ọ̀kan ṣoṣo tó kù ni wọ́n ń pè ní vinyl chloride, VC. Bí ìyẹn náà bá bọ́, ohun tó ṣẹ́ kù ni ethene, gáàsì tí kò lóró, èyí tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń pọ́n ń tú jáde fúnra rẹ̀. Òun náà ló ń mú kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù tètè pọ́n bí ẹ bá dì í mọ́ èyí tó ti pọ́n nínú àpò kan.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń ṣe àwọn èèyàn ní kàyéfì. Ó yẹ kí oró máa dín kù bí kílórínì ṣe ń dín kù, àbí? Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìwọ̀n tí òfin Amẹ́ríkà gbà nínú lítà omi mímu kan: perc, máíkírógíráàmù 5, TCE, 5, irú DCE tó sábà máa ń jáde, 70, VC, 2 péré. Ó jẹ́ ohun tó dájú pé VC ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ lára èèyàn. Yàtọ̀ sí èyí, gáàsì ni: ìwọ̀n òtútù 13 sísàlẹ̀ òdo ló ti ń hó, nítorí náà ó lè kúrò nínú omi, kó gba inú ilẹ̀ gòkè, kó sì wọ inú yàrá tí àwọn èèyàn ń sùn. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí tí kò parí ẹ̀ ti fi ẹkùn pààrọ̀ ìkookò.

Àwọn tó lè ṣe ìpele méjì àkọ́kọ́ kò ṣọ̀wọ́n. Geobacter lovleyi ń ṣe é, Desulfitobacterium ń ṣe é, Dehalobacter náà ń ṣe é. Wọ́n á bọ́ kílórínì méjì, wọ́n á sì jókòó. Láti DCE dé ethene, Dehalococcoides ni gbogbo èèyàn gbójú lé, àfi ìbátan rẹ̀ kan, Dehalogenimonas, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé òun náà lè fi VC mí. Ní 2002, wọ́n gbé àyẹ̀wò ibùdó 24 ní Amẹ́ríkà Àríwá àti Yúróòpù jáde. Nínú 21 tí perc ti di ethene, wọ́n rí Dehalococcoides. Nínú mẹ́ta tó há sí DCE, wọn ò rí i.

Àní gbogbo Dehalococcoides kọ́ ló rí bákan náà. Ẹ̀yà 195, tí wọ́n kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀ ní Yunifásítì Cornell ní 1997 láti inú ẹrẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú omi ìdọ̀tí ìlú Ithaca, máa ń fi perc, TCE àti DCE mí dáadáa, àmọ́ tó bá kan VC, ọwọ́ rẹ̀ á falẹ̀, kò sì ní rí agbára kankan fà níbẹ̀. Ẹ̀yà BAV1, tí wọ́n rí ní ìpínlẹ̀ Michigan, tí wọ́n sì kéde ní 2003, ń fi VC mí, ó sì ń bí sí i. Jíìnì ló fa ìyàtọ̀: tceA lẹ ó bá lára 195, bvcA lára BAV1, àwọn mìíràn tó ń fi VC mí ní vcrA. Ìdí nìyẹn tí kò fi tó kí yàrá àyẹ̀wò kọ "Dehalococcoides wà níbẹ̀" sínú ìwé. Iye vcrA àti bvcA ni kí ẹ bi wọ́n. Níbi tí iṣẹ́ bá ti ń lọ bó ṣe yẹ, Dehalococcoides sábà máa ń tó mílíọ̀nù 10 nínú lítà omi kan. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni, ẹ má retí nǹkan kan láìpẹ́.

Ohun tó fẹ́ àti ohun tó ń pa á

Ara rẹ̀ kékeré gan-an, ó pẹlẹbẹ bí àwo, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju máíkírómítà kan lọ. Nígbà tí wọ́n ka gbogbo jíìnì ẹ̀yà 195 ní 2005, gbogbo lẹ́tà inú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù kan àbọ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti E. coli inú ìfun wa. Ó ti ju ọ̀pọ̀ ẹrù nù. Kò ní ògiri ara tí bakitéríà mìíràn ń ní, ampísílìnì ò sì rí i gbéṣe nítorí ògiri yẹn gan-an ni ampísílìnì ń bá jà. Kò lè ṣe B12 fúnra rẹ̀, kòṣeémáàní sì ni fún ẹ́ńsáìmù rẹ̀; ọwọ́ àwọn aládùúgbò ló ti ń gbà á. Háídírójìn náà, àwọn aládùúgbò tó ń mú oúnjẹ kan ló ń ṣe é fún un. Bí wọ́n bá yà á sọ́tọ̀ lóun nìkan nínú ìgò, ó lẹ gan-an. Láàárín ẹgbẹ́ ló ti ń yára.

Ọ́síjìn ń pa á, kì í sì í jí padà. Ibí yìí ló ti yàtọ̀ pátápátá sí àwọn bakitéríà tí ń tú epo rọ̀bì ká. Ilẹ̀ tí epo bà jẹ́, wọ́n á tú u, wọ́n á yí i po, wọ́n á fi ajílẹ̀ sí i kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, torí àwọn yẹn ń jẹ epo, wọ́n sì ń fi ọ́síjìn mí. Ẹni tó bá gbé ọgbọ́n yẹn lọ síbi perc yóò pa òṣìṣẹ́ rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Kò fẹ́ omi tó kan, ìyẹn omi tí ásíìdì pọ̀ nínú rẹ̀. pH ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí omi ṣe kan tó, bó bá ṣe kéré sí ni omi ṣe kan sí; 6.5 sí 7.5 ló bá a lára mu. Bó bá lọ sí ìsàlẹ̀ 6, iṣẹ́ á falẹ̀, lẹ́yìn náà á dúró. Ìwọ̀n ooru 25 sí 30 ló dára jù fún un, nínú omi abẹ́ ilẹ̀ olótùútù ti àríwá Amẹ́ríkà ó máa ń rọra ṣe ni.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Wọ́n á kọ́kọ́ gbẹ́ àwọn kànga tẹ́ẹ́rẹ́ fún àyẹ̀wò, wọ́n á wọn perc àti gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ títí dé ethene, ọ́síjìn, pH, náítíréètì, sọ́féètì, irin àti gáàsì mẹ́téènì. Sọ́féètì ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Àwọn bakitéríà kan ń fi sọ́féètì mí, háídírójìn kan náà ni wọ́n sì ń jẹ. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀: kí gíráàmù perc 166 tó di ethene, ó gba gíráàmù háídírójìn 8. Gíráàmù sọ́féètì 96 náà ń gba 8. Ká wá sọ pé omi kan ní mílígíráàmù perc 1 nínú lítà, tí sọ́féètì jẹ́ 100, èyí tí kì í ṣe nǹkan bàbàrà: háídírójìn tí àwọn onísọ́féètì máa jẹ yóò ju ti oníperc lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 170. Ẹni tó bá fi perc nìkan ṣírò oúnjẹ tó máa dà sílẹ̀, ebi ló máa pa kòkòrò rẹ̀.

Oúnjẹ tí wọ́n ń dà sílẹ̀ kì í ṣe háídírójìn fúnra rẹ̀. Òróró sóyà tí wọ́n ti pò mọ́ omi títí ó fi funfun bíi mílíìkì ló wọ́pọ̀. Lákítéètì wà, omi ṣúgà dúdú tó ṣẹ́ kù níléeṣẹ́ ṣúgà náà wà. Àwọn aládùúgbò á mú un kan, háídírójìn á jáde. Òróró ń jẹrà díẹ̀díẹ̀, ó lè tó ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilẹ̀, ohun tí wọ́n sì ń fẹ́ nìyẹn. Bí háídírójìn bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tí ń ṣe mẹ́téènì á kó o jẹ. Bó bá kéré, wọn kì í rí i gbámú mọ́, àmọ́ Dehalococcoides á ṣì máa rí i, torí ó mọ̀ ọ́n fi ìka nu ìdí ìkòkò.

Lẹ́yìn tí òróró bá wọlẹ̀, wọ́n á dúró. Àwọn bakitéríà mìíràn á lo ọ́síjìn tó wà níbẹ̀ tán, wọ́n á lo náítíréètì, wọ́n á sì lo irin inú ilẹ̀ náà. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó lè gba oṣù mélòó kan. Ìgbà tí ọ́síjìn bá ti wá sí ìsàlẹ̀ mílígíráàmù ìdajì nínú lítà, tí omi náà sì ti wà ní ìsàlẹ̀ òdo lórí ẹ̀rọ tí ń wọn bí omi ṣe ń fẹ́ gba ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó, ní nǹkan bí 100 mílífóòtì sísàlẹ̀, ni wọ́n tó ń gbé kòkòrò dé, bí kò bá sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Inú àgbá irin bíi ti bíà ló ń bá wọn wá. Wọ́n á fi gáàsì ágọ́ọ̀nù tàbí náítírójìn tì í jáde láti inú àgbá, kó gba inú rọ́bà tí wọ́n ti lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú rẹ̀, lọ sísàlẹ̀ kànga láìfojú kan òfuurufú. Omi tí wọ́n fi ń tì í wọ inú ilẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ omi ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde: ọ́síjìn wà nínú rẹ̀, kẹ́míkà tí ìjọba fi ń pa kòkòrò náà sì wà nínú rẹ̀. Àìbìkítà kékeré yìí ló ti sọ àgbá olówó ńlá di omi lásán.

Ní Kelly Air Force Base, ibùdó ọkọ̀ òfuurufú àwọn ológun kan ní San Antonio, ìpínlẹ̀ Texas, wọ́n dán an wò lọ́nà tó yé ẹnikẹ́ni. Mẹ́tánọ́ọ̀lù àti ásítéètì ni oúnjẹ tí wọ́n lò. Níbi tí wọ́n ti fi oúnjẹ nìkan sí i, perc di DCE, ó sì há síbẹ̀. Níbi tí wọ́n ti fi lítà 13 àpapọ̀ kòkòrò tí wọ́n ń pè ní KB-1, tí Dehalococcoides wà nínú rẹ̀, kún un, láàárín 200 ọjọ́, perc, TCE àti DCE ti wá sí ìsàlẹ̀ máíkírógíráàmù 5, ethene ló sì rọ́pò wọn. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2002.

Ẹ̀tàn kan wà nínú kíka èsì àyẹ̀wò o. Mólékù ń fúyẹ́ bí kílórínì ṣe ń bọ́: mílígíráàmù perc 166, bó bá di DCE, á wọn 97, bó bá di VC, á wọn 62.5, bó bá di ethene, á wọn 28. Ká sọ pé gbogbo perc inú kànga kan di VC pátápátá, ìwé àyẹ̀wò á fi hàn pé májèlé ti dín ní ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹnìkan á pàtẹ́wọ́, nígbà tó jẹ́ pé iye mólékù kò yẹ̀, tí èyí tó burú jù ló sì wà níbẹ̀ báyìí. Nítorí náà mólékù ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka ìwúwo, ethene sì gbọ́dọ̀ hàn nínú ìwé kí wọ́n tó gbà pé iṣẹ́ ń parí.

Ohun tó sábà ń bà á jẹ́ ni kí omi kan nítorí ásíìdì. Oúnjẹ tó ń jẹrà ń tú ásíìdì sílẹ̀, kílórínì tó ń bọ́ náà ń dá kún un. Ilẹ̀ tó ní òkúta ẹfun á gbé e mì. Iyanrìn lásán kò lè gbé e mì, pH á já sí 5, gbogbo nǹkan á dúró. Sódíọ̀mù báíkábónéètì, ìyẹn báíkábù ilé ìdáná, ni wọ́n sábà máa ń pò mọ́ òróró láti dènà rẹ̀. Kílórófọ́ọ̀mù náà jẹ́ ọ̀tá: bó bá wà nínú omi kan náà, ìpele VC ló ń kọ́kọ́ kú, àfi kí wọ́n wá bakitéríà mìíràn tó lè kó kílórófọ́ọ̀mù náà kúrò ná. Ẹnu kànga máa ń dí pẹ̀lú yọ̀bọ̀yọ̀bọ̀ tí àwọn kòkòrò fúnra wọn ń hù. Mẹ́téènì ń gòkè, ó sì ń gbiná, ẹni tó nílé lórí ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ mọ̀. Omi tí kò ní ọ́síjìn tún ń tú irin, máńgáníìsì, àti ásẹ́níìkì tó bá wà nínú ilẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n sábà máa ń padà jókòó bí omi náà bá ṣàn dé ibi tí ọ́síjìn wà. Amọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú: perc ti wọ inú rẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, á sì máa jò padà sínú iyanrìn tí wọ́n ti wẹ̀ mọ́, ìdí nìyẹn tí kànga tó mọ́ lónìí fi lè dọ̀tí lọ́dún tó ń bọ̀.

Wọn ò rí kòkòrò yìí lò fún epo rọ̀bì, òjé tàbí mẹ́kúrì. Ohun tó bá ní kílórínì lára ni tirẹ̀, kì í sì í ṣe perc nìkan: ẹ̀yà CBDB1 tí wọ́n rí ní Jámánì ń bọ́ kílórínì kúrò lára kílórobẹ́ńsíìnì àti díọ́sìnì. Orúkọ mccartyi tó ń jẹ́ láti 2013 jẹ́ ti Perry McCarty ti Yunifásítì Stanford, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ fi hàn, ní àwọn ọdún 1980, pé perc lè tú ká níbi tí kò ti sí ọ́síjìn.

Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé kòkòrò tí wọ́n dà sínú ilẹ̀ lè sá jáde, kó di àjàkálẹ̀. Kò sí ibi tó lè sá lọ. Bí VC tó kẹ́yìn bá ti di ethene, kò sí ohun tó máa fi mí mọ́, iye rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ nínú èsì àyẹ̀wò, láti mílíọ̀nù dé ẹgbẹ̀rún.